Kí Nọ́ọ̀sì Tó Tún Jókòó fún NCLEX

Kò sí nọ́ọ̀sì tó lè gba ojúlówó ìwé-àṣẹ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò tí wọ́n ń pè ní NCLEX. Bó ṣe rí fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ẹ̀kọ́ ní Chicago náà ló rí fún ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú aláìsàn ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta kó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Houston tàbí Maryland. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa ló ń yege. Àwọn tí kò yege ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, nítorí pé ohun tí wọ́n bá ṣe ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí èsì bá jáde ló máa ń sọ bí ìyókù á ṣe rí. Bí ẹnìkan bá ti rí i pé òun kò yege, ohùn méjì ló sábà máa ń gbọ́. Ọ̀kan á ní kó tètè san owó míì kó tún un ṣe, kí ohun tó kà tó fò lọ lórí rẹ̀. Èkejì á ní kó pa á tì, bóyá iṣẹ́ yẹn kò sí nínú ìpín rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé méjèèjì ló yá jù. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pinnu láti tún un ṣe, tàbí láti jáwọ́, kó tó mọ ohun tó gbé e ṣubú gan-an. Kò sì yẹ kó san kọ́bọ̀ fún ìdánwò míì títí yóò fi lè sọ, ní gbólóhùn kan tó yanjú, ohun tí yóò yàtọ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Kí èyí tó lè yé wa, a ní láti mọ bí ìdánwò náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò jọ WAEC, níbi tí ìbéèrè kan náà ti wà níwájú gbogbo èèyàn tí wọ́n á wá ka iye tí kálukú gbà. Láti oṣù kẹrin ọdún 1994 ni wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é, kọ̀ǹpútà náà sì ń bá ẹnì kọ̀ọ̀kan rìn bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Bí o bá gba ìbéèrè kan, èyí tó tẹ̀ lé e á le díẹ̀ sí i. Bí o bá ṣì í, èyí tó kàn á rọ̀. Ìbéèrè tó ń wá fún ọ ni èyí tó ṣeé ṣe kí o gbà, tó sì ṣeé ṣe bákan náà kí o ṣì, nítorí irú rẹ̀ ló ń fi ìwọ̀n èèyàn hàn jù. Ìdí nìyí tí ẹni tó yege àti ẹni tí kò yege fi máa ń jáde nínú yàrá ìdánwò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu, pé àwọn kò mọ ohun tí àwọn kọ. Láti oṣù kẹrin ọdún 2023, ìbéèrè tó kéré jù tí èèyàn lè dáhùn ni 85, èyí tó pọ̀ jù ni 150, láàárín wákàtí márùn-ún ni gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ parí. 15 nínú ìbéèrè wọ̀nyí kò sí nínú ìṣirò rárá. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò ń gbé wọn yẹ̀ wò fún ọjọ́ iwájú ni. Kọ̀ǹpútà á dá iṣẹ́ dúró nígbà tó bá dá a lójú ní ìwọ̀n 95 nínú 100 pé ẹni yìí ti kọjá ìlà tàbí pé kò dé ìdí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tíì dá a lójú títí tó fi dé ìbéèrè 150, ibi tí ẹni náà dúró sí nígbà yẹn ni yóò fi ṣe ìdájọ́.

Nínú ètò yìí nìkan, ohun ńlá kan ti hàn. Ẹni tí kọ̀ǹpútà dá dúró ní 85 tí kò sì yege jìnnà sí ìlà. Kò ju 70 ìbéèrè tí wọ́n ṣírò lọ tí ẹ̀rọ fi rí i kedere pé kò tíì tó. Ẹni tó rin ìrìn náà dé 150 kó tó ṣubú, etí ìlà ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Díẹ̀ báyìí ló kù. Àwọn méjèèjì á sọ fún ará ilé pé àwọn “feèlì,” ṣùgbọ́n ìṣòro wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, oògùn rẹ̀ kò sì lè jẹ́ ọ̀kan náà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹni tó ṣubú ní 85 gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ẹni tó ṣubú ní 150, tó sì yege ní ẹ̀ẹ̀kejì lẹ́yìn oṣù méjì péré. Ohun tó tó ẹni yẹn lè má tó òun rárá.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ohun tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn wà nílẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kì í kà á. Ẹni tí kò bá yege máa ń gba ìwé èsì kan tí wọ́n ń pè ní CPR (Candidate Performance Report), tó sọ iye ìbéèrè tó dáhùn, tó sì sọ fún un, ní ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan, bóyá ó wà lókè ìlà, nítòsí rẹ̀, tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìtìjú ló ń mú kí àwọn kan fi ìwé yìí pa mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á. Ó dùn mí nígbà tí mo bá ronú nípa rẹ̀, nítorí pé òun nìkan ni ẹlẹ́rìí tó wà nínú yàrá yẹn tí kò ní ojúsàájú. Àwọn ẹ̀ka náà kò sì dọ́gba: bí a ṣe ń ṣètò ìtọ́jú àti bí a ṣe ń pín iṣẹ́ ló ń kó ìdá 15 sí 21 nínú 100 ìbéèrè, tí ọ̀rọ̀ oògùn sì ń kó 13 sí 19, nígbà tí ìtọ́jú ara ojoojúmọ́ bíi wíwẹ̀ àti jíjẹun ń kó 6 sí 12. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ ìlà ní ẹ̀ka méjì àkọ́kọ́, tó wá lo oṣù mẹ́ta láti tún gbogbo ìwé kà láti ojú-ewé kìíní, ti ná agbára rẹ̀ síbi tí kò ti sọnù.

Fún àwọn nọ́ọ̀sì tó kẹ́kọ̀ọ́ nílé, nǹkan míì tún wà tí ìwé èsì kò ní dárúkọ, òun ni mo sì rò pé ó ń gbé ọ̀pọ̀ ṣubú ju àìmọ̀wé lọ. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ẹnu. Aláìsàn kan ń lọ fún iṣẹ́ abẹ lọ́la, ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé òun lè má jí mọ́. Nọ́ọ̀sì tí a tọ́ dáadáa nílẹ̀ Yorùbá á fọwọ́ gbá a léjìká, á ní, “Ẹ má bẹ̀rù, bàbá, kò ní sí nǹkan kan, Ọlọ́run wà pẹ̀lú yín.” Láàárín wa, ìwà ọmọlúàbí nìyẹn; ẹni tí kò bá sọ ọ́, a ó ní kò láàánú. Nínú NCLEX, ìdáhùn tó kùnà ni. Wọ́n kà á sí ìlérí tí nọ́ọ̀sì kò lágbára láti mú ṣẹ, tó sì tún pa aláìsàn lẹ́nu mọ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ ni kí nọ́ọ̀sì jókòó tì í, kó ní kó sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù jù. Ẹni tó mọ gbogbo oògùn tó wà nínú ìwé lè máa ṣi irú ìbéèrè yìí léraléra, tí kò ní mọ ìdí, nítorí pé inú rere rẹ̀ ló ń yan ìdáhùn fún un.

Pínpín iṣẹ́ náà tún jẹ́ ibi tó jìn. Ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù ilé wa, nọ́ọ̀sì kan lè máa dá tọ́jú ọ̀pọ̀ aláìsàn, tí ẹbí aláìsàn yóò máa wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n á máa fún un lóúnjẹ, tí wọ́n á sì máa sáré lọ ra oògùn. Ilé ìwòsàn tó wà nínú NCLEX kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun èlò wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ sì pín sí ìpele: nọ́ọ̀sì àgbà tí wọ́n ń pè ní RN, LPN tó wà lábẹ́ rẹ̀, àti olùrànlọ́wọ́ tí kò ní ìwé-àṣẹ nọ́ọ̀sì. Ìbéèrè á wá máa bi ẹ́ pé ta lo máa rán sí ta. Olùrànlọ́wọ́ lè wọn ìfúnpá ẹni tí ara rẹ̀ ti balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yàrá iṣẹ́ abẹ dé, RN fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíì rí, tó gbà pé nọ́ọ̀sì tó dáa ni èyí tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun gbogbo, á máa yan ara rẹ̀ níbi gbogbo. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dókítà rí. Bí dókítà bá kọ oògùn tí ìwọ̀n rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tí ìdánwò ń retí ni kí nọ́ọ̀sì dá oògùn náà dúró kó sì pè é láti béèrè. Ẹni tí wọ́n kọ́ pé a kì í dá ọ̀gá lóhùn á lọ́ra níbẹ̀.

Àwọn nǹkan tó kù kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ àkókò. Paracetamol wa ni acetaminophen lọ́hùn-ún, salbutamol ni albuterol, adrenaline ni epinephrine, pethidine ni meperidine. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tí a ń kọ ní 5 nílé, 90 ni wọ́n ń kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì tó fún gbogbo èyí bí èèyàn bá jókòó tì í.

Lẹ́yìn tí ẹni náà bá ti mọ ibi tí omi ti wọlé, ọ̀rọ̀ wá kàn bí yóò ṣe kàwé. Èrò ọ̀pọ̀ ni pé bí ìwé kíkà kò bá tó, kí a kún un. Ní ọdún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ka àkọsílẹ̀ kan náà. Àwọn kan tún un kà. Àwọn kan pa ìwé dé, wọ́n gbìyànjú láti kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó dán ara wọn wò ló ṣíwájú wọn dáadáa. Ohun tó yẹ kó jẹ wá lọ́kàn nínú rẹ̀ ni pé àwọn tó ń tún un kà ló ní ìdánilójú jù pé àwọn á rántí. Kíkà léraléra ń mú kí ojú mọ ìwé, ojú tó mọ̀ ọ́n sì ń tan ọkàn jẹ pé òun náà ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá sọ pé “mo ti ka ìwé yìí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ló tún kù?” ti sọ ìdí tó fi yẹ kó yí ọ̀nà padà.

Ẹnìkan lè fèsì pé òun ṣe ìbéèrè ìdánrawò ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kì í ṣe ìwé nìkan lòun kà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́, síbẹ̀ kó máà ràn án lọ́wọ́. Àwọn kan ń ṣe ìbéèrè kan náà títí wọ́n fi há ìdáhùn sórí, tí iye tí wọ́n ń gbà á wá máa gòkè, tí ìmọ̀ kò sì gòkè. Èrè ìbéèrè ìdánrawò wà nínú èyí tí a ṣì. Kí a dúró tì í, kí a kọ ọ́ sílẹ̀: ṣé n kò mọ nǹkan náà ni, àbí mo mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n mi ò rí àmì tó wà nínú ìbéèrè, àbí mo rí i ṣùgbọ́n mo fi ohun kejì ṣáájú ohun àkọ́kọ́? Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣe èyí á rí i pé àṣìṣe òun ní ìrísí. Láti 2023, àwọn ìtàn aláìsàn mẹ́ta tún wà nínú ìdánwò náà, tí ìbéèrè mẹ́fà so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí àmì tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rí títí dé bí ó ṣe mọ̀ pé ìtọ́jú òun ṣiṣẹ́. Kò sí bí èèyàn ṣe lè há irú èyí sórí.

Nípa àkókò, òfin ní kí èèyàn dúró fún ọjọ́ 45 ó kéré tán kó tó tún un ṣe, ó sì lè ṣe é tó ìgbà mẹ́jọ lọ́dún níbi tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní Florida, ẹni tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta gbọ́dọ̀ padà sí kíláàsì àtúnkọ́ kó tó tún jókòó. Mo ti ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ ń mú ọjọ́ 45 bí ẹni pé ìmọ̀ràn ni. Kì í ṣe ìmọ̀ràn. Ààlà ìsàlẹ̀ ni. Fún ẹni tó wà létí ìlà, oṣù méjì sí mẹ́ta lójú tèmi tó bí iṣẹ́ bá lọ déédéé. Ẹni tó jìnnà nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìdúró pẹ́ náà ní ewu tirẹ̀, nítorí ìmọ̀ ń gbó, ẹni tó sì fi ọdún méjì “ń múra” láìdá ọjọ́ kò múra mọ́, ó ń sá ni.

Wọ́n á ní iye àwọn tó ń yege nígbà àtúnṣe kò fọkàn ẹni balẹ̀. Òótọ́ ni. Ní 2023, nínú àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó fún ìdánwò RN, ó ju 88 nínú 100 tó yege. Láàárín àwọn tó ń tún un ṣe, bí ìdajì ni. Àwọn tó ń fi nọ́ńbà yìí ṣe ẹ̀rí pé kí èèyàn jáwọ́ ń kà á ju bó ṣe mọ lọ. Àpapọ̀ ni: ẹni tó yí ọ̀nà rẹ̀ padà wà nínú rẹ̀, ẹni tó padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ 45 pẹ̀lú ìwé kan náà àti àárẹ̀ kan náà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tó ń kọ́ wa ni pé pípadà lọ nìkan kò ní agbára kankan nínú ara rẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù lọ ni ti àwọn tó ní ìdánwò yìí kò wọn iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n á ní ẹni tó ti gbẹ̀bí lóru láìsí iná, tó ti gba ẹ̀mí là pẹ̀lú ọwọ́ lásán, kí ni kọ̀ǹpútà fẹ́ sọ fún un? Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí, mo sì gbà pé ọ̀pọ̀ ohun wà lára nọ́ọ̀sì tó dáa tí NCLEX kò lè rí: sùúrù, ọwọ́ tó rọ̀, ìgboyà. Ṣùgbọ́n kò sọ pé òun ń wọn wọ́n. Ohun kan ló ń béèrè, bóyá ẹni yìí lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ilé ìwòsàn irú ti ibẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2023, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé wọ́n ti ta nǹkan bí 7,600 ìwé-ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ayédèrú láti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní gúúsù Florida, tí wọ́n sì gbé èèyàn 25 lọ sílé-ẹjọ́. Nínú àwọn tó ra ìwé náà, bí 2,400 péré ló yege nínú ìdánwò ìwé-àṣẹ. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni kò kọjá ìdánwò náà. Ẹni tó bá fẹ́ rí i bí ògiri lásán lè rí i bẹ́ẹ̀. Èmi ń wo àwọn aláìsàn tó wà lẹ́yìn ògiri náà. Mo sì ń ronú nípa àwọn tó ra ìwé yẹn, nítorí kò ní ṣàì sí àwọn tó ti rẹ̀, tí gbèsè sì ti wọ̀ lọ́rùn, nínú wọn. Ẹni tó bá wá bá nọ́ọ̀sì tó ṣubú pé òun mọ ọ̀nà ẹ̀yìn kan kò fẹ́ràn rẹ̀. Ìwé-àṣẹ tí wọ́n bá gbà padà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta burú ju èyí tí èèyàn kò rí gbà lọ.

Ní àwùjọ wa, ọ̀rọ̀ tún ń gba ọ̀nà ilé. Bí ìdánwò kò bá bọ́ sí i, àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà; ẹni tí àdúrà ń fún ní ìfọ̀kànbalẹ̀ ní ohun ìjà gidi lọ́wọ́ nínú ìdánwò tó lè gba wákàtí márùn-ún. Ibi tí mo ti kọ̀ ni kí a fi ọ̀tá rọ́pò ìwé èsì. Bí ẹ̀ka oògùn bá wà nísàlẹ̀ ìlà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ka oògùn ni kí a kọ́kọ́ bá wí. Ìdààmú tó tún burú ju èyí lọ, iṣẹ́ òru ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń múra sílẹ̀ ń ṣiṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ní ilé àwọn arúgbó láti alẹ́ di òwúrọ̀, wọ́n ń san owó ilé, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù. Wọ́n wá fi gbogbo rẹ̀ pa mọ́, ará ilé kò mọ̀ pé wọ́n ti jókòó fún ìdánwò, àǹbọ̀sìbọ́sí pé wọn kò yege. Àṣírí yìí ní iye tó ń náni. Bí ìyá tó wà ní Òṣogbo bá mọ̀ pé ọmọ òun nílò oṣù mẹ́ta tí owó máa dín kù kó lè gbé iṣẹ́ òru méjì sílẹ̀ lọ́sẹ̀, ó ṣeé ṣe kó gbà. Kò lè gba ohun tí kò gbọ́.

Ó wá ku ẹni tó ti yí ọ̀nà padà tọkàntọkàn, tí kò sì tíì yege. Ìwé èsì náà ni yóò tún sọ̀rọ̀. Bí àwọn ẹ̀ka bá ń kúrò nísàlẹ̀ bọ̀ sí ìtòsí ìlà láti ìdánwò dé ìdánwò, ẹni náà ń rìn, kò yẹ kó dúró. Bí èsì mẹ́ta bá dúró sójú kan náà lẹ́yìn àtúnṣe gidi, mo gbà pé ó tó kó yà sọ́nà míì, ó kéré tán fún ìgbà kan, kí ọjọ́ orí àti owó má baà wọlẹ̀ síbẹ̀. Kí ó má sì rò pé Kánádà á yọ òun nínú rẹ̀: láti ọdún 2015 ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀ ti ń lo NCLEX kan náà, Ọsirélíà sì ti ń lò ó láti 2020 fún ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tó kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà àti èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe níwájú olùyẹ̀wò ni tiwọn, àwọn kan tí kò bá ti ibí mu sì ń bá tọ̀hún mu. Àìyege nínú NCLEX kò gba ìwé-àṣẹ Nàìjíríà lọ́wọ́ ẹni tó ti ní i, nítorí náà ilé kò tì. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ń jẹ́ kí ẹni tó kàwé RN jókòó fún ìdánwò LPN, tí yóò fi máa ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí á máa gbọ́ èdè wọ́ọ̀dù wọn lójoojúmọ́, kó tó padà síbi tó fi ti RN sí. Àwọn kan ń fojú kéré ọ̀nà yìí. Èmi kà á sí èyí tó gbọ́n jù fún ẹni tí pípín iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ ẹnu ń gbé ṣubú, nítorí wọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ á kọ́ ọ ní ohun tí ìwé kò rí kọ́ ọ. Kí ẹni náà tó san 200 dọ́là míì, kí ó kọ̀wé sí àjọ nọ́ọ̀sì ìpínlẹ̀ tó forúkọ sí, kí ó béèrè ìgbà mélòó ló ṣẹ́kù fún un, ọdún mélòó, àti bóyá ọ̀nà LPN ṣí sílẹ̀ fún un níbẹ̀, torí ìdáhùn ìpínlẹ̀ kan kò bá ti èkejì mu.